Àlàfo Ara Ilé, Gọ́ọ̀mù àti Ọ̀dà: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Ná Owó Àtúnṣe Ilé

Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń torí rẹ̀ yá owó ni àtúnṣe ilé, pàápàá nígbà tí Kérésìmesì bá ku díẹ̀ tàbí tí Iléyá bá ń bọ̀ lọ́nà, tí oníkálukú ń fẹ́ kí ilé òun dára lójú àlejò. Owó náà kì í ṣe owó kékeré mọ́. Owó garawa ọ̀dà kì í dúró lójú kan, owó iṣẹ́ pẹ́ńtà náà ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn yóò fi oṣù 18 tàbí ọdún 2 san gbèsè rẹ̀ padà. Ohun tí ó máa ń dun àwa tí à ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ni pé nígbà mìíràn, gbèsè náà kò tí ì dé ìdajì tí ọ̀dà fi ń bó ní etí fèrèsé, tí ojú sísán sì tún ti yọ lára ògiri bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án rí.

Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dà ni gbogbo ènìyàn máa ń bú. Wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn, tàbí pé pẹ́ńtà bu omi sí i ju bí ó ti yẹ lọ. Lóòótọ́, ayédèrú ọ̀dà wà lọ́jà, pẹ́ńtà tí ó ń la ọ̀dà bí ẹni la ògì sì wà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo ti fojú ara mi rí, ọ̀dà kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo kí wọ́n tó kun ilé ni kò bá àlàfo náà mu. Ọ̀rọ̀ èyí ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀dà kò lè dí ihò. Bí a bá kun ọ̀dà olómi tí à ń pè ní ímọ́ṣọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì gbẹ tán, nínípọn rẹ̀ lára ògiri kì í sábà tó 0.1 mìlímítà. Bébà tí ẹ fi ọwọ́ dì mú yìí kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Ohun tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè di àlàfo mú, bí àlàfo náà bá sì ń fẹ̀, tí ó ń sún kì, kò lè bá a fà. Ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e dúró.

ÀLÀFO TÍ Ó TI KÚ ÀTI ÀLÀFO TÍ Ó Ń MÍ

Oríṣi àlàfo méjì ni ó wà lára ilé. Èkíní ni èyí tí mo ń pè ní àlàfo tí ó ti kú. Ihò ìṣó tí a fà yọ, ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ láti fi wáyà iná sínú ògiri, ibi tí ẹ̀yìn àga ti gbá sìmẹ́ńtì já, àti ojú sísán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tí ó yọ nítorí pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ilé yára gbẹ jù nínú oòrùn: gbogbo wọ̀nyí ti kú. Wọn kì í fẹ̀ sí i, wọn kì í sì í sún kì.

Èkejì ni àlàfo tí ó ń mí. Ibi tí ohun méjì tí ìwà wọn kò dọ́gba bá ti pàdé ni ó máa ń wà: láàárín férémù igi àti ògiri, láàárín alumíníọ̀mù àti búlọ́ọ̀kù, láàárín àjà àti orí ògiri, ní etí ibi tí a fi ẹ̀rọ ìfọwọ́ mọ́ ara táìsì. Ẹ wo fèrèsé alumíníọ̀mù kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4. Ní òwúrọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́, ara rẹ̀ tutù nini. Nígbà tí yóò bá fi di aago méjì ọ̀sán, tí oòrùn ti ń ta á láti àárọ̀, ó lè fi 30 dígíríì gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ. Nínú ìyàtọ̀ yìí, férémù náà yóò gùn sí i ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní 0.8 mìlímítà, nígbà tí ògiri tí ó yí i ká kò ní gùn tó ìdajì bẹ́ẹ̀. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀dà tí ó wà lórí rẹ̀ kò nípọn tó 0.1 mìlímítà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fà á síwá fà á sẹ́yìn.

Ti igi tilẹ̀ hàn sí gbogbo wa. Nígbà òjò, igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú. Ọyẹ́ dé, ó gbẹ, ó sún kì. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn kan kì í fi í ṣeé pa ní oṣù Keje, tí ó sì jẹ́ pé ní oṣù Kìíní ẹ lè dá ẹni tí ó dúró níta mọ̀ láti ojú àlàfo rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ó le ni a fi ń dí àlàfo tí ó ti kú, ohun tí ó ń fà ni a fi ń dí èyí tí ó ń mí. Bí a bá gbé ti ọ̀kan fún èkejì, owó ti ṣòfò. Mo ti rí ibi tí bíríkìlà ti fi sìmẹ́ńtì dí àyíká férémù ilẹ̀kùn nígbà òjò. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa parí, sìmẹ́ńtì náà ti dá dúró fúnra rẹ̀, igi sì ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

TI ÈYÍ TÍ Ó TI KÚ

Iṣẹ́ èyí kò le, sùúrù ni ó gbà. Bí ó bá jẹ́ ojú sísán tẹ́ẹ́rẹ́, kí a fi ẹnu ọ̀bẹ là á díẹ̀ kí ohun tí a ó fi dí i lè ráyè wọlé, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀ kúrò, kí a wọ́n omi díẹ̀ sí i. Nínú ilé, ohun tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní sikiríìdì tó fún un: P.O.P. tàbí sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n pò mọ́ ímọ́ṣọ̀n àti gọ́ọ̀mù funfun. Ihò tí ó bá jìn, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí a dí i, kí ti ìṣáájú gbẹ kí a tó fi òmíràn lé e. Bí a bá rọ́ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan, àárín rẹ̀ yóò wọnú. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi sáńpépà ha á, tí a ó sì kọ́kọ́ fi ọ̀dà tí a là díẹ̀ pa ojú ibẹ̀, nítorí pé ibi tí a dí máa ń fa ọ̀dà mu ju ara ògiri lọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ yóò máa hàn bí àbààwọ́n.

Níta ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo P.O.P. Omi òjò ń rọ̀ ọ́. Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ni ti ìta.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nípa sìmẹ́ńtì tútù. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ibì kan, kí a dúró tó ọ̀sẹ̀ 4 kí a tó kun ọ̀dà elépo, èyí tí à ń pè ní gílọ́ọ̀sì, lé e lórí. Nínú sìmẹ́ńtì tútù ni ohun kan wà tí ó ń bá epo jà, gẹ́gẹ́ bí omi eérú ti ń sọ àdín di ọṣẹ dúdú. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí gílọ́ọ̀sì: epo inú rẹ̀ yóò di ọṣẹ lára ògiri, yóò máa rọ̀, yóò sì bó. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ṣe ọṣẹ yóò tètè lóye èyí ju àwọn tí wọ́n ń ta ọ̀dà lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé alámọ̀ àtijọ́ nílé bàbá yín, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nígbà tó yá, ẹ ṣọ́ra. Bí amọ̀ bá sán, tí ẹ rọ́ sìmẹ́ńtì líle sínú rẹ̀, sìmẹ́ńtì náà kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Yóò já lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, yóò sì mú lára amọ̀ dání. Amọ̀ irú èyí tí wọ́n fi mọ ilé náà ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ pò ó mọ́ yanrìn díẹ̀, kí ẹ rẹ ojú ibẹ̀ kí ó tutù dáadáa, kí ẹ sì máa dí i díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba owó rárá, bóyá nítorí èyí ni àwọn ènìyàn kò fi kà á sí.

GỌ́Ọ̀MÙ TÍ Ó Ń GBA Ọ̀DÀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÌ Í GBÀ

Àlàfo tí ó ń mí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ jù. Ohun tí a fi ń dí i ni gọ́ọ̀mù inú ike gígùn tí wọ́n ń fi ìbọn tì jáde. Lójú ẹni tí kò mọ̀, bákan náà ni gbogbo wọn rí: wọ́n funfun, wọ́n rọ̀, wọ́n wà nínú ike kan náà lórí àtẹ kan náà. Ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra.

Ọ̀kan ń jẹ́ ákírílíkì. Omi ni wọ́n fi pò ó, ó sì bá ọ̀dà olómi tan, nítorí náà ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá kan ọwọ́, omi lásán ń fọ̀ ọ́ kúrò kí ó tó gbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé bí òjò bá rọ̀ lé e kí ó tó gbẹ, yóò ṣàn lọ. Bí ó bá sì ń gbẹ, ó máa ń sún kì díẹ̀, kò sì lè fà jìnnà. Kò yẹ níbi tí omi ti ń dúró nígbà gbogbo, bí ilẹ̀ balùwẹ̀.

Èkejì ni sílíkóònù. Láti inú yanrìn ni wọ́n ti ń yọ ohun tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederic Kipping, tí ó ń kọ́ni ní Nottingham, ni ó fún irú nǹkan yìí lórúkọ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ṣùgbọ́n kò di ohun títà púpọ̀ títí ìgbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Dow Corning sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1943. Gọ́ọ̀mù yìí dára púpọ̀. Oòrùn kì í tètè bà á jẹ́, ó ń fà ju ákírílíkì lọ, omi kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà tí kò jẹ́ kí omi dúró lára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà dúró. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé e, yóò ṣù jọ bí omi orí ewé kókò. Bí ó bá tilẹ̀ gbẹ sórí rẹ̀, èékánná ọmọdé lè ṣí i kúrò.

Kì í ṣe ọ̀dà nìkan. Ákírílíkì kì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù, sikiríìdì kì í lẹ̀ mọ́ ọn, sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Sílíkóònù ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ń gbà.

Ẹ tún kíyè sí òórùn rẹ̀. Sílíkóònù tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà máa ń rùn kíkan bí fínígà nígbà tí ó bá ń gbẹ. Kíkan náà ń bá sìmẹ́ńtì jà, ó sì ń mú irin dípẹtà. Ó dára fún gíláàsì àti ojú táìsì. Bí ó bá jẹ́ etí ògiri tàbí ara irin ni ẹ fẹ́ lò ó sí, ẹ bèèrè èyí tí kì í rùn kíkan, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga díẹ̀.

Ẹ má ṣe dá àwọn pẹ́ńtà àgbà lẹ́bi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́, fèrèsé onírin àti onígi ni ó wà, pọ́tì ni wọ́n sì fi ń lẹ gíláàsì mọ́ ọn. Ẹfun àti epo lín-ín-sì ni wọ́n fi ń po pọ́tì. Pọ́tì ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ wà láìkun ọ̀dà. Bí a kò bá kùn ún, yóò gbẹ, yóò sán, yóò sì já dànù. Ọ̀gá wọn kọ́ wọn pé ohunkóhun tí ó bá wà ní etí gíláàsì, kí wọ́n kùn ún. Ẹ̀kọ́ tí ó tọ̀nà ni, ṣùgbọ́n pọ́tì ni ó wà fún.

ẸJỌ́ KAN TÍ WỌ́N GBÉ WÁ SÍWÁJÚ ÌGBÌMỌ̀

Ní ẹgbẹ́ kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo bá ìgbìmọ̀ lórí ẹjọ́ kan. Ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ yá owó láti yọ fèrèsé lúfà rẹ̀ kúrò, kí ó fi alumíníọ̀mù sí i, kí ó sì kun gbogbo ilé. Àwọn tí wọ́n fi fèrèsé sí i ti sílíkóònù yí gbogbo etí rẹ̀ ká, wọ́n sì fi ìka nà án gbòòrò sára ògiri kí ó lè mọ́ lójú. Pẹ́ńtà tí ó tẹ̀lé wọn kun ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ọ̀dà etí fèrèsé fi ń rọ̀ dirodiro bí awọ ejò. Ìyá náà kọ̀, kò san owó tí ó kù. Pẹ́ńtà yìí náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, ó sì ti yá owó ra àkàbà, ó ń fojú sí owó ìyá yìí láti fi san tirẹ̀. Bí ẹ̀yáwó méjì ṣe dúró sójú kan nìyẹn, tí onídùúró mẹ́rin kò sì lè sùn.

Ìyá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo owó ọ̀dà tí o bèèrè ni mo kó fún ọ. Kí ló dé tí ilé mi ń bọ́ awọ?"

Pẹ́ńtà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmá, ọ̀dà tí mo fi kun pálọ̀ yín náà ni mo fi kun etí fèrèsé, ọjọ́ kan náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo pálọ̀ bóyá ó bó."

Òótọ́ ni ó sọ. Ọ̀dà pálọ̀ kò bó. Garawa kan náà, ọwọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà. Níbi tí ó kan ògiri, ó dúró, níbi tí ó kan sílíkóònù, ó ṣí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ lọ sílé náà tí wọ́n fi èékánná gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wọn kò rí àwọn tí wọ́n fi fèrèsé sí i mọ́. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ni pé kí ìyá ra gọ́ọ̀mù tí ó ń gba ọ̀dà, kí pẹ́ńtà gé ti àtijọ́ kúrò kí ó sì tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ìyá san owó tí ó kù. Mo rò pé ìdájọ́ náà dára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ gbèsè jù nínú ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀.

BÍ SÍLÍKÓÒNÙ BÁ TI WÀ LÁRA RẸ̀ NÍSINSÌNYÍ

Bí ó bá ṣì dì mú dáadáa, tí omi kò gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Kí pẹ́ńtà fi téèpù bò ó, kí ó kun ògiri dé etí rẹ̀, kí ó dúró níbẹ̀. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí fèrèsé kì í ṣe ẹ̀gbin.

Bí ó bá ti dọ̀tí jù tàbí tí ó ti ń ṣí, a ní láti yọ ọ́. Kí a fi ọ̀bẹ tí ó mú gé e ní etí méjèèjì, kí a fà á bí ẹni fa okùn, kí a wá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha èyí tí ó kù. Ẹ má rò pé ó ti tán nígbà tí ojú kò bá rí i mọ́. Epo rẹ̀ ti wọ ara ògiri, ọ̀dà yóò sì tún sá níbẹ̀. Kí a ha ojú ògiri náà dànù tẹ́ẹ́rẹ́ títí a ó fi kan sìmẹ́ńtì tí ó mọ́, kí a fi sikiríìdì tún un ṣe, lẹ́yìn náà kí a tó lo ákírílíkì. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ń fi bẹntiróòlù nu ún. Kò mú nǹkan kan kúrò, iná ni wọ́n ń ké sí wọnú ilé. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá sì wà níbẹ̀ tí a fẹ́ ha, kí a fi omi rẹ ẹ́ kí eruku rẹ̀ má fò, kí àwọn ọmọdé kúrò nítòsí, nítorí pé òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà elépo ayé àtijọ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́.

BÍ A TI Ń DÍ I

Ètò iṣẹ́ ni kókó. Gọ́ọ̀mù tí ó ń gba ọ̀dà, kí á lò ó kí ọ̀dà tó dé. Sílíkóònù, lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ tán. Bí ẹni tí ó ń fi fèrèsé sí ilé yín bá fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ ní kí ó fi sílíkóònù inú ilé sílẹ̀ títí pẹ́ńtà yóò fi kúrò, kí ẹ sì di díẹ̀ mú nínú owó rẹ̀ kí ó lè rántí padà wá.

Ojú àlàfo gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì gbẹ. Bí àlàfo náà bá jìn, ẹ má ṣe ti gọ́ọ̀mù kún un dé ìsàlẹ̀. Ẹ gé fóòmù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, kí gọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀. Ìdí èyí kì í ṣe nítorí kí gọ́ọ̀mù má tán nìkan. Ẹgbẹ́ méjì ni ó yẹ kí gọ́ọ̀mù dì mú, bí okùn tí ènìyàn méjì ń fà. Bí ó bá tún lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kò ní lè fà mọ́, yóò ya láti àárín. Ó sì dára kí ó jìn ní bí ìdajì fífẹ̀ rẹ̀: àlàfo tí ó fẹ̀ tó 10 mìlímítà, kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ jìn tó 5.

Ní ti iye tí ẹ ó rà, ike kan sábà máa ń gba nǹkan bí 300 mìlílítà. Bí ìlà gọ́ọ̀mù bá fẹ̀ ní 6 mìlímítà, tí ó sì jìn ní 6, ike kan yóò lọ tó mítà 8, èyí tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 27. Àyíká fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16 lójú kan, 32 bí a bá ka inú àti ìta. Nítorí náà, ike kan kò tó fèrèsé kan tinú-tòde. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun yóò fi ike méjì ṣe fèrèsé mẹ́fà, ẹ bi í bí ó ti fẹ́ ṣe é.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tì í tán, ẹ fi ìka tí ẹ ti bọ omi tẹ̀ ẹ́ lójú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi ni mo wí o. Àwọn kan ń lá ìka wọn bí ẹni jẹ ọbẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í ṣe oúnjẹ. Kí ákírílíkì sùn mọ́jú kí ọ̀dà tó kàn án, èyí tí ó jìn tàbí tí a lò nígbà òjò yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá kánjú kùn ún, gọ́ọ̀mù yóò ṣì máa sún kì lábẹ́ ọ̀dà, ojú rẹ̀ yóò sì sán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí ilẹ̀ odò tí ó gbẹ. Ímọ́ṣọ̀n bá a mu ju gílọ́ọ̀sì lọ, nítorí gílọ́ọ̀sì le, kò mọ fífà.

ÀLÀFO TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ DÍ

Ní ìsàlẹ̀ férémù fèrèsé alumíníọ̀mù, níhà ìta, ẹ ó rí ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni òjò tí ó bá wọ ojú irin fèrèsé ń gbà jáde. Àwọn pẹ́ńtà kan máa ń dí i pa nítorí kí iṣẹ́ wọn lè dán. Òjò tí ó bá rọ̀ lẹ́yìn èyí, inú yàrá ni yóò ṣàn sí.

Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mìíràn wà tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi í ohun tí ó ń wí kí á tó dí i. Ojú sísán tí ó bá gba igun fèrèsé lọ ní ìdábùú bí ẹni gun àkàbà, tàbí tí ó la búlọ́ọ̀kù kọjá tí ẹ fi ń rí i nínú àti lóde, kì í ṣe iṣẹ́ pẹ́ńtà. Ó lè jẹ́ pé wọn kò fi àtẹ́rígbà sórí fèrèsé náà tàbí pé ó kúrú jù, ó sì lè jẹ́ pé ìpìlẹ̀ ń rì. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ó parí sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì máa wò ó láti ìgbà òjò dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ń gùn tàbí tí ó ń fẹ̀, tàbí tí ó ti fẹ̀ tó 5 mìlímítà tẹ́lẹ̀, ẹ pe ẹnjinníà. Owó ọ̀dà tí ẹ ní lọ́wọ́ yẹn, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Bákan náà ni ògiri tí ó ń rin: kí á wá ibi tí òrùlé ti ń jò tàbí ibi tí páìpù ti bẹ́ rí ná.

TI ÌGBÌMỌ̀ ẸGBẸ́

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni pé kí wọ́n máa san owó àtúnṣe ilé ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ ní owó dídí àlàfo, rírẹ́ ògiri àti gọ́ọ̀mù. Nígbà tí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá ti lọ wò ó pé iṣẹ́ náà ti gbẹ, kí wọ́n wá fún un ní owó ọ̀dà. Àwọn kan yóò kùn pé ó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn, pàápàá bí ọdún bá ti sún mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Ẹgbẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń tún ilé ṣe bá pọ̀ sì lè ra gọ́ọ̀mù ní páálí, kí wọ́n pín in ní iye tí wọ́n rà á, bí a ti ń ṣe pẹ̀lú ìrẹsì àti òróró.

Bí ẹni tí ẹ rán lọ sọ́jà kò bá dá wọn mọ̀, kí ó wo ara ike náà. Bí wọ́n bá kọ "silicone" sí i, tí wọn kò sì kọ "paintable" mọ́ ọn, kí ó gbà pé kì í gba ọ̀dà. Kí ó wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ nínú oòrùn lè ti le nínú ike rẹ̀. Bí iyè méjì bá ṣì wà, kí ó ti díẹ̀ sórí pákó, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó kun ọ̀dà sí i, kí ó fi èékánná gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì kí ó tó ra páálí odindi.

Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a wá fi iṣẹ́ yìí hàn lójú ìpàdé, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ̀wé sí ọ́fíìsì àjọ àpapọ̀, kí ó sọ ọjọ́ ìpàdé wọn, kí ó sì sọ bóyá fèrèsé igi tàbí ti alumíníọ̀mù ni ó wà ní ilé ìpàdé wọn, kí a lè mọ ohun tí a ó kó dání.